Bí Ilésanmí Ṣe Kọ́ Láti Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

                                                  Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                                  Ọ̀nà Ọyẹ́,
                                                  Ìkọ̀lé-Èkìtì.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1964.

Olúyẹmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo sì kí ọ kú òtútù tí o ní ó ń gba inú bàtà wọ̀ ọ́ lára. Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà. Mo yà ní Ìgbólé nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìfàkì, abẹ́ igi kòkó ni mo ti bá wọn, wọn kò sì jẹ́ kí n lọ láìgbé iṣu dání. Ara tèmi náà le. Òjò ti ń dín kù, àwọn ará ilé mi sì kí ọ.

O ní kí n ròyìn Ìbéèrè Òòjọ́ fún ọ. Ó ṣì ń lọ. Láti ìgbà tí o ti rìnrìn àjò, a kò pa á jẹ, àfi ní ọjọ́ Àìkú. Bí Àkàndé bá ti ṣílẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbéèrè kan sára pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, kálukú wa yóò máa rò ó lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilésanmí ní ìrọ̀lẹ́ láti dáhùn. Òfin tí o fi lélẹ̀ kò yí padà: a kò gbọdọ̀ ṣí ìwé wò, ẹni tó bá sì gbà á ni yóò mú ìbéèrè ọjọ́ kejì wá. Ilésanmí ló ń gbà á jù. Ó ti di ọ̀gá ilé ìwé báyìí, ìyẹn kò sì dín ìgbéraga rẹ̀ kù.

Florence, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wa, béèrè olú ìlú Màláwì lọ́jọ́ kan. Gbogbo wa ní Blantyre ni, Ilésanmí nìkan ló ní Zomba. Lọ́jọ́ mìíràn, Àkàndé béèrè ìdí tí àkùkọ fi ń di ojú nígbà tó bá ń kọ. A kò tíì rí ìdáhùn sí i. Florence ní kó má baà rí ẹni tó fẹ́ pa á ni. Èmi ti ń ṣọ́ àkùkọ ilé mi láàárọ̀, mo sì rí i pé kì í dì í ní gbogbo ìgbà. Bí o bá rí ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bá mi wò ó. Òfin wa kò de ẹni tó wà lókè òkun.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló gba ẹnu wa kan ní ọdún yìí. Kò sí ẹyọ kan ní Ìkọ̀lé. Florence nìkan ló ti wò ó nínú wa, nígbà tó lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Ó ní eré kan tí òun wò, ọrùn ẹni tí wọ́n fi ṣe ọba tín-ín-rín débi pé ìlẹ̀kẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ará ìlú pín ipò eré. Àkàndé ní alápatà tó wà lọ́nà Ìjẹ̀ṣà-Ìsu ló yẹ ká fi jọba, torí ọrùn rẹ̀ nìkan tó ọba méjì. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní ojú mi ni.

Ẹnu eléyìí ni a wà tí lẹ́tà Bámgbóṣé fi dé. O rántí Bámgbóṣé tó máa ń jókòó sẹ́yìn wa ní fásitì. Òun ló ń darí eré ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn nísinsìnyí. Ó ní òun ń ṣe eré nípa ẹjọ́ ilẹ̀ oko, bàbá àgbẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ará apá ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Ìbàdàn ni òun kọ́kọ́ fi sí i. Ìyẹn gbọ́ pé à ń pe ilé ní ulé, à ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, ló bá ń fi u ṣíwájú ohun gbogbo. Bámgbóṣé ní kí a wá ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ránṣẹ́ sí òun.

Ilésanmí fẹ́ ipò náà ju bó ti ń fi hàn lọ. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ẹsẹ̀ kò gbé e dé Ìkọ̀lé mọ́. Ìbàdàn ló wà, lọ́dọ̀ Adébísí, àbúrò Ilésanmí obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Ìyá gbà pé àwọn tó ń yọjú nínú àpótí náà ń rí òun. Bí wọ́n bá kí i kú alẹ́, á dá wọn lóhùn, á sì béèrè àwọn ọmọ wọn. Lọ́jọ́ kan ó wí fún Adébísí pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń wá kí òun nínú àpótí yìí, ọmọ tòun nìkan ni kò ráyè. Adébísí kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí àwàdà. Ilésanmí kà á fún wa, kò rẹ́rìn-ín.

Báwo ni a ṣe yan ẹni tí yóò lọ? Ìwọ náà ti lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a mọ̀ láti fi yan ènìyàn láàárín wa: a béèrè ìbéèrè. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe é, Ilésanmí sì gbá gbogbo wa mọ́lẹ̀ bí ewé. Kò sí ẹni tó ronú pé ká ní kó ṣe bí àgbẹ̀ díẹ̀ ká wò.

Mo bá a lọ sí Ìbàdàn ní òpin oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé ṣì wà ní ọlidé. Wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n, wọ́n fún un ní fìlà tó ti gbó. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ Bámgbóṣé nínú. Ó wá kan ibi tí lọ́yà ti fẹ́ fi bàbá àgbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kóòtù. Lọ́yà ní, "Ìwọ tó o ní o mọ ààlà oko, yáàdì mélòó ló wà nínú máìlì kan?" Ohun tó wà nínú ìwé eré ni pé kí bàbá dákẹ́, kó wo ilẹ̀, kó ní òun kò mọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo eré náà dúró lé, torí ìgbà tí àwọn ará kóòtù bá fi í rẹ́rìn-ín tán ni ojú yóò ti adájọ́, tí yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá fẹsẹ̀ tọ ààlà náà fún òun.

Ilésanmí wo lọ́yà lójú. Ó ní, "Ẹgbẹ̀sán ó dín ogójì." Ó sì fi kún un pé bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Wọ́n tún un ṣe. Ó ní òun kò mọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tó nawọ́ sókè ní kíláàsì. Wọ́n tún un ṣe sí i, kò yàtọ̀. Bámgbóṣé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Olúfẹ́mi, bàbá àgbẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá, ẹ mú olùyẹ̀wò ilé ìwé wá fún mi. Kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá yàtọ̀, ẹni tó ń pe Ìbàdàn ní Ubàdàn ni màá lò."

Báyìí la ṣe dorí Ìbéèrè Òòjọ́ kodò. Ohun tí Ilésanmí mọ̀ dájú là ń bi í, kó sì ní òun kò mọ̀. Ìyà jẹ ẹ́. Àkàndé, tó ti ń pàdánù sí i bọ̀ ọjọ́ pẹ́, gbádùn rẹ̀ dé ìdí.

"Ọ̀gá, ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀? Ẹ̀yin tí ìjọba ń sanwó fún?"

"Méje ni, ìwọ oníṣítáńbù yìí."

Bẹ́ẹ̀ la ń bá a yí títí ọjọ́ fi ń lọ tán. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Alice ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí ní tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ní kí a jẹ́ kí òun bi í léèrè ẹyọ kan. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ọmọ mélòó ni ìyá wa bí?"

Olúyẹmí, o mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Florence gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹni tó bá sì mọ ilé wọn mọ̀ pé ìyá náà bí, ó sì sin. Ilésanmí àti Adébísí ló ṣẹ́kù fún un. Nínú gbogbo ohun tí a ti bi ọkùnrin yìí, kò sí èyí tó mọ ìdáhùn rẹ̀ tó ìyẹn. Ó wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní, "Mi ò mọ̀."

Alice ní, "Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ ní Ìbàdàn nìyẹn." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ní ìgbà kejì tó lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe é. Bámgbóṣé ní ó ti gba ipò náà, kó lọ wọn aṣọ eré. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà: ó jọ pé ohun tó ṣeé kà nínú ìwé nìkan la ti ń béèrè lọ́wọ́ ara wa láti ọjọ́ yìí wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni eré náà. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́ gan-an ni àwọn onílé ń rí i, nítorí náà Ilésanmí wà lọ́hùn-ún, èmi wà nílé Adébísí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i. Ó ti ró ìró rẹ̀ tó dára jù, ó sì fa àga sún mọ́ àpótí náà. Ohùn ló fi dá a mọ̀. Ó ní ta ló fún un ní irùngbọ̀n. Ó kí i, ó kí i, ṣùgbọ́n bàbá àgbẹ̀ tó wà níwájú adájọ́ kò lè dáhùn, mo sì rí i pé ojú Ìyá ti ń yí padà. Adébísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Ìyá fọwọ́ dá a dúró.

Lọ́yà béèrè yáàdì rẹ̀. Ilésanmí dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Àwọn ará kóòtù rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà ní pálọ̀ lọ́dọ̀ wa náà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, lọ́yà ló sì ń bá wí. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un nípa ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀gúsí yẹn, mo béèrè dáadáa.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀, lọ́yà. Ó mọ̀ ọ́n. Nǹkan mìíràn ló ń rò."

Bá mi kí Fúnmilọ́lá, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Àkàndé, Florence, Alice àti Ilésanmí ní kí n kí ọ. Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ níbẹ̀ títí a ó fi fojú kan ara wa.

                                                  Èmi tí ń wo ọ̀nà ìwé rẹ,
                                                  Olúfẹ́mi Adédoyin.