Àwòrán Mi Ló Dí Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ẹlẹ́rìn-ín wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìlú — ọkùnrin tí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Àwọn olówó òkèèrè ń bọ̀ wá wò ó bóyá wọ́n á dá òwò sílẹ̀ níbí. Ìjọba ń wá fọ́tò oníṣòwò tí inú rẹ̀ dùn. "Màmá, ẹ̀rín yín á ta ìlú wa!" Mo ní èló? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín — wọ́n yà á. Ọ̀fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Wọ́n ti ri pátákó ńlá tí fọ́tò mi wà lára rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi. Ó ga ju òrùlé. Orí mi tó ilẹ̀kùn! Abẹ́ rẹ̀: ÌLÚ TÍ ÒWÒ TI Ń YÁ. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ ti di gbajúmọ̀." Mo jó díẹ̀. Ta ni ò ní jó?

Ẹtì, 14
Aṣọ kò gbẹ.

Àbámẹ́ta, 15
Mo ti rí i. Òjìji pátákó ló bo okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Áyọ́ọ̀nù ni mo wá ń fi mú aṣọ gbẹ. Oòrùn kì í gbowó. Iná ń gbà á.

Ìṣẹ́gun, 18
Nọ́ọ̀sì, oníbàárà mi àtijọ́, gbóòórùn yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé òbúkọ ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó kó aṣọ rẹ̀, kò fi òmíràn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 19
Mo bẹ Ẹlẹ́rìn-ín kí wọ́n sún pátákó náà díẹ̀. Ó ní kí n fara dà á, bí àlejò bá dé, gbogbo wa la ó jẹ ńbẹ̀. Gbogbo wa — ṣùgbọ́n aṣọ tèmi nìkan ló ń rùn.

Àìkú, 23
Ọkọ mi ní òun á fi ayùn gé e. Mo ní orí ìyàwó rẹ ló fẹ́ bẹ́ yẹn? Ó lọ gbé ayùn rẹ̀ pamọ́.

Ọjọ́rú, 26
Àwọn àlejò dé. Wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú mi — èyí tó wà lókè. Èmi gan-an wà lẹ́yìn pátákó pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó yọjú.

Ẹtì, 28
Bàbá onílé wá, kò lè wò mí lójú. Àwọn àlejò ti ra gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa; òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ká kó jáde kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.
Mo ní, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa?
Ó nàka sókè. "Wọ́n ní obìnrin yẹn ló fi ọkàn àwọn balẹ̀."
Mo gbójú sókè. Eyín mi funfun báláú.
Aṣọ àná kò tíì gbẹ.