Gínípíìgì Méjì Tí Mo Yà Sọ́tọ̀

Òkè Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀,
Ilẹ̀kùn Kẹta.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Àbúrò mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ọmọ rẹ awakọ̀ ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi ṣá? Mo mọ̀ pé ìwé yìí máa yà ọ́ lẹ́nu. Oṣù méje gbáko! Inú ló ń bí mi tí mi ò fi kọ̀wé, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n inú bíbí náà ti sú mi, ilé yìí sì ti dákẹ́ jù.

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì ti lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan. Kàkà kó gbé ọmọ-ọmọ wá fún mi, gínípíìgì méjì ló gbé wá. Ẹran kékeré kan ni, ó dà bí eku tó sanra tí kò nírù, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo ní kí ni kí n fi èyí ṣe? Ó ní kí n kàn máa tọ́jú wọn. Kàn kẹ̀! Ó já ìwé ojú ewé mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ: ọ̀kan Wọ̀bìà, èkejì Jẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ ń bẹ lára wọn o. Koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí eyín wọn kì í yé hù, koríko yẹn ni kì í jẹ́ kó gùn jù. Àràárọ̀ ni mò ń gé tàtàṣé àti ewé tútù fún wọn, torí ara wọn, bíi tiwa, kò lè ṣe èròjà aṣaralóore tó wà nínú ọsàn àti tàtàṣé fúnra rẹ̀. Omi wọn ń bẹ nínú ìgò tí a gbé kọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, wọn ò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà. Èékánná wọn wá ńkọ́? Èmi tí mo ti gé aṣọ ìyàwó tí ọwọ́ mi ò mì, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé Wọ̀bìà lé itan láti gé èékánná rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo nawọ́ tí mo tún fà á padà. Òun náà sì tọ̀ sí mi láṣọ.

Kí n sọ òótọ́, wọ́n ń bá mi gbélé. Tí wọ́n bá ti gbọ́ tí ọ̀rá ewé ń dún lọ́wọ́ mi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wíì! wíì! Láti ìgbà tí o ti lọ, àwọn nìkan ló ń yọ̀ mọ́ mi tí mo bá wọlé.

Ni wàhálà bá dé. Wọ̀bìà ò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ jẹun. Á já ewé gbà lẹ́nu rẹ̀, á fi ìdí tì í kúrò nídìí abọ́. O mọ̀ mí, mi ò lè wo ìrẹ́jẹ níran. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi: tí ọmọṣẹ́ méjì bá ń jà, màá gbé ẹ̀rọ ọ̀kan sẹ́bàá fèrèsé, màá gbé ti èkejì sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Mo gbé Jẹ́jẹ́ lọ sí yàrá ìránṣọ, mo fún un ní abọ́ tirẹ̀, koríko tirẹ̀, omi tirẹ̀. Mo gbọn ọwọ́ mi, mo ní ó parí.

Kò parí o. Wọ̀bìà ń ké ní pálọ̀, Jẹ́jẹ́ ń dá a lóhùn láti yàrá. Èmi rò pé ebi ni. Mo ń fi ewé kún ewé títí Wọ̀bìà fi ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí mo wá ń nulẹ̀ káàkiri. Lọ́jọ́ kẹrin, Jẹ́jẹ́ dákẹ́. Ó kọjú sí ògiri. Tàtàṣé tí mo gé síwájú rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni mo bá níbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti rọ. Ọmọ mi sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí, pé èyí tí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan lè kú. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ọmọ mi lọ. Ó tẹ ikùn Jẹ́jẹ́ wò, ó wo eyín rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ta ló ń bá a gbé?" Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ Wọ̀bìà fún un, bó ṣe jẹ́ olójúkòkòrò. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjà kọ́ nìyẹn, Màmá. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé nìyẹn. Ẹran yìí ò lè dá gbé." Ó ní kí n gbé abọ́ méjì jìnnà síra, kí kálukú ní ibi tó lè sá pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n wà pọ̀. Ó kọ́ mi bí màá ṣe fi omi po oúnjẹ oníhóró wọn kó rọ̀, kí n máa fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún un lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Mo dá a padà sọ́dọ̀ Wọ̀bìà. Wọ̀bìà gbóòórùn rẹ̀ láti imú dé ìdí, ó kùn hùùn, ó lé e yí ká. Mo ti nawọ́ láti gbà á sílẹ̀, mo bá kó ara mi níjàánu. Ni Wọ̀bìà bá dùbúlẹ̀ tì í. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Jẹ́jẹ́ na ẹnu, ó fa koríko kan lẹ́nu Wọ̀bìà, ó ń jẹ ẹ́. Àbúrò mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe torí ẹran nìkan.

Gbogbo ẹni tó bá béèrè rẹ ni mò ń sọ fún pé ńṣe lo já mi jù sílẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo lé ọ. Torí pé o fi sísọ́ọ̀sì aṣọ mi gé páálí, mo pariwo títí alágbàfọ̀ fi gòkè wá. Mo pín kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná sí méjì, mo ní kí oníkálukú máa dá ìkòkò tirẹ̀ gbé kaná. Ọjọ́ kẹta lo kó ẹrù. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ọ́ lọ, mo ní ọkàn mi á wá balẹ̀. Ọkàn tó balẹ̀ ọ̀hún nìyí: mò ń se ìrẹsì ìkòkò kan, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mò ń dá sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Lọ́jọ́ kan, alágbàfọ̀ bi mí bóyá mo gba àlejò ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, má bínú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú àkókò yìí.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀, gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Sọ fún wọn pé kì í ṣe pé mo ní kí o wá kí mi kí o tún padà. Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Máa bọ̀ wálé. Tí o bá ṣì ń bínú sí mi, di ìbínú náà mọ́ ẹrù rẹ, máa gbé e bọ̀. Àyè wà fún un níbí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Ìyá Aránṣọ.