Píkọ́ọ̀pù Mi Kì Í Ṣe Kọ̀ńdẹ́mù

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ìyàwó rẹ, báwo ni ọmọ, ṣé ikọ́ ọjọ́sí yẹn ti fi í sílẹ̀? Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, má ṣe dìde kà á, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga tí ẹ ń gbé yẹn kò ní jẹ́ kí ẹ já bọ́ láti ibẹ̀. Ọ̀gá rẹ tó le bí èkùrọ́ yẹn, Ọlọ́run á bá ọ rọ ọkàn rẹ̀, tí ọkàn ọ̀hún kò bá sì ṣeé rọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Àmín.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Fóònù mi kò bàjẹ́, ó wà nínú báàgì mi níbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí n tó kí ọ tán ni wàá ti ní kí n fara balẹ̀, kí n gbọ́ tẹnu rẹ ná, èmi tí owó mi ń jó lórí ìpè. Lẹ́tà kì í jẹ́ kí èèyàn já lu ọ̀rọ̀ ẹni. Nítorí náà, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lónìí, ìwọ lò ń gbọ́.

Ó dára. Lọ́jọ́ tí o pè mí kẹ́yìn, o ní o ti ta píkọ́ọ̀pù wa fún oníkọ̀ńdẹ́mù kan tó ń ra irin àlòkù, pé ọkùnrin ọ̀hún ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú lọ́rì tirẹ̀, yóò wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. O ní kí n di ẹrù mi, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ti ṣètò yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná fún mi, kí n máa gbé ọmọ, kí n sinmi. Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí? Mi ò tíì pé ọgọ́ta. Eyín mi pé. Orúnkún mi máa ń dùn mí nígbà òjò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ, torí mi ò lè purọ́ fún ọmọ tí mo bí: mo kọ́kọ́ gbà. Èmi gan-an tí mo ń fọ́nnu yìí, mo ti di àpótí. Mo ní ọmọ yìí kàwé jù mí lọ, èmi tí mo parí sí ilé ìwé girama, kí ni mo mọ̀, bóyá òun ló tọ̀nà. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ le díẹ̀, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mi wò bóyá orí mi pé. Mo wá lọ síbi píkọ́ọ̀pù náà láti lé àwọn adìẹ jáde nínú rẹ̀, torí kò yẹ kí oníkọ̀ńdẹ́mù gbé adìẹ mọ́ irin. Ọ̀kan nínú wọn ti yé ẹyin sí ìjókòó awakọ̀, níbi tí fóòmù ti ya, mi ò sì tètè rí i. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ẹsẹ̀ òsì mi lọ síbi kílọ́ṣì fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi di jíà mú. Mi ò rán wọn níṣẹ́ o. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ yìí nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọkọ̀ náà ni mo sì fi ń kó pákó láti ilé ìlagi títí ìwọ fi jáde yunifásítì. Ẹyin yẹn fọ́ mọ́ mi nídìí. Mo jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní wọn kò ní yọ́ ọkọ̀ yìí.

Mo bá ránṣẹ́ pe Ó-kù-díẹ̀. O rántí rẹ̀, mẹkáníìkì oríta, tó jẹ́ pé bí o bá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọdé fún un tún ṣe, ó kù díẹ̀ ni yóò máa wí títí ọmọ náà yóò fi gbéyàwó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, alángbá kan gbójú sókè wò ó, òun náà wo alángbá, ó ní ó kù díẹ̀.

Àǹtí rẹ, àbúrò bàbá rẹ, gbọ́ pé mo fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe. Igi ìdáná rẹ̀ ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sì ń sá aṣọ sí. Ó jáde wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé olówó ọkọ̀ ti kú ni. O mọ̀ pé bó ṣe kéré sí mi tó yẹn, ọkọ mi ni nínú ilé yìí, mi ò lè sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe wà lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní olówó ọkọ̀ náà ló ń kí yín yìí, ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kó igi yín. Ó ní obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ tó tún ń wa píkọ́ọ̀pù, kí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Mo ní awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù lójúde wa ló bá mi wá ọkùnrin kan jáde nínú fóònù mi, tó ń tún irú píkọ́ọ̀pù yìí gan-an ṣe. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn. Ó ní kí a tú nọ́ọ̀tì kan, mo ní kó ṣe sùúrù, Ó-kù-díẹ̀ ń wá sípánà, kò dúró, ó ti kọjá síwájú. Mo wá yí ojú fóònù sí inú ẹ́ńjìnnì kó lè rí tiwa dáadáa, ó sì ní ó ti dára báyìí, inú mi dùn. Inú bí Ó-kù-díẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ pe mẹkáníìkì mìíràn, ṣe ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún òun, pé ọ̀gá méjì kì í wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kí ọkùnrin inú fóònù tó lọ, ó ní kí a tẹ bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀ kí a má bàa pàdánù òun. A tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti gbé àga sílẹ̀ dè é.

Ó wá ku bátìrì. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ti kú, ó wú bí búrẹ́dì. Mo rántí owó ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí báǹkì kí n fi wọ bọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ yín. Mo jẹ́wọ́ èyí náà: bátìrì ni mo fẹ́ fi rà. Mo lọ dúró síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń gba owó lára ògiri báǹkì. Ó ní kí n fi nọ́ńbà àṣírí mi sí i. Ọmọ mi, báǹkì yìí kan náà ló ń kọ̀wé sí mi nígbà gbogbo pé oníbàárà àwọn ọ̀wọ́n, kí n má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó rí, kódà bí onítọ̀hún bá ní òṣìṣẹ́ báǹkì lòun. Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an, àwọn ló kí mi lọ́jọ́ ìbí mi, ìwọ kò kí mi. Ṣé mo wá lè torí owó da irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé mi ò ní sọ. Ó tún bèèrè. Mo tẹ òdo sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kó lè mọ̀ pé mo kọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní kò séwu, kí n sọ ọ́ fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀ṣọ́ náà. Nígbà tó yá, inú bí ẹ̀rọ ọ̀hún, ó gbé káàdì mi mì. Kó gbé e mì. Àṣírí mi ṣì wà nínú mi.

Bí kò ṣe sí bátìrì nìyẹn. Ó-kù-díẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì ti jí, ó kàn kọ̀ láti lajú ni, pé bí ọkọ̀ náà bá lè rí ohun tó máa mú un sáré díẹ̀, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti ki í sí jíà kejì, tó wá ju kílọ́ṣì sílẹ̀ lójijì, yóò dáhùn. Àwọn gende àdúgbò wá tì í. Yanrìn iwájú ilé wa kò jẹ́ kó sáré, ó kàn wúkọ́, ó tú èéfín dúdú sí wọn lójú, ó dákẹ́. Wọ́n ní Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ, ó ti gbìyànjú. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ìyẹn dùn mí ju bí wọ́n ṣe pa á tì lọ.

Sátidé pé. Oníkọ̀ńdẹ́mù dé pẹ̀lú lọ́rì àti ṣéènì tó nípọn bí apá mi. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, ó tẹríba kí mi, ó fi àwòrán píkọ́ọ̀pù tí o fi ránṣẹ́ sí i hàn mí, ó ní ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ ọ́ tán, pé irin tí kò bá ti lè rìn, tòun ni. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo bi í pé bí irin bá wá rìn ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọjà òun mọ́, ṣùgbọ́n Màmá, èyí kò ní rìn. Ó so ṣéènì mọ́ ọn nímú, ó wá ní òun nílò ẹni tó máa jókòó sídìí sítíárìn, kó má bàa lọ gbá ògiri bí òun ṣe ń wọ́ ọ jáde. Ó-kù-díẹ̀ wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ní èmi ni mo bá a wọlé nígbà tó jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí n sìn ín jáde. Àǹtí rẹ fi etí aṣọ nu ojú, ó ní àṣé mo ṣì gbọ́n.

Mo jókòó. Mo ki í sí jíà kejì, mo tẹ kílọ́ṣì mọ́lẹ̀. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo ń rò ó pé bí kò bá dáhùn ńkọ́, pé ìṣojú gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti máa wọ́ èmi àti òun lọ pọ̀. Lọ́rì fà wá kọjá yanrìn, ó fà wá bọ́ sí títì. Aránṣọ jáde, ó juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń dágbére fún òkú. Káfíńtà àdúgbò wa dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ṣíṣí fìlà yẹn ló bí mi nínú. Mo ju kílọ́ṣì sílẹ̀.

Ó fò sókè, eyín mi gbá ara wọn, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, èéfín bo káfíńtà àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ó ké, kì í ṣe kíké kékeré. Mo ń fún un lépo ṣáá, mi ò jẹ́ kó ráyè kú. Oníkọ̀ńdẹ́mù rò pé táyà òun ló bẹ́, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ lọ́rì rẹ̀, ìgbà tó wẹ̀yìn ló tó rí i pé imú píkọ́ọ̀pù mi ló ń gbọ̀n. Mo yọrí jáde, mo ní ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, irin yìí ti rìn. Ó dẹtí sí i fún ìgbà pípẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fa òkú ọkọ̀, èyí àkọ́kọ́ rèé tó máa dá òun lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ṣéènì. Ó ní ta ló máa wá sanwó fífà báyìí, mo ní ẹni tó pè é wá ni. Bí o bá rí ìpè rẹ̀, gbé e o. Ó-kù-díẹ̀ sáré dé, ó ń mí hẹlẹ, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ó parí. Àwọn èèyàn kò gbà á gbọ́ pé ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Káfíńtà nu èéfín kúrò lójú, ó ní ṣé mo lè gbé ilẹ̀kùn. Àwọn ilẹ̀kùn ilé ìwé kan tí wọ́n ń kọ́ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ọlọ́kọ̀ tó yẹ kó gbé wọn ń fi í ṣeré. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. A kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, a fi okùn dì wọ́n.

Ilé epo lójú ọ̀nà ni mo ti ń kọ ìwé yìí, orí sítíárìn ni mo gbé e lé, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi fi ń gbọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mi ò tíì pa ọkọ̀ náà láti àdúgbò wa. Obìnrin tó ń ta epo ní òfin ni kí n pa á kí òun tó ta fún mi, ó wà lára pátákó. Mo ní mo ti ka pátákó náà, òótọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, òun ló máa tì í. Ó wo àwọn ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó lọ bu dísù sí kẹ́ẹ̀gì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín ló máa mú lẹ́tà yìí wá, ọkọ̀ tirẹ̀ yá ju tèmi lọ. Kò burú, tèmi ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Pèsè owó bátìrì sílẹ̀, àti owó táyà ẹ̀yìn tí apá ọ̀tún, èyí tí mò ń fi àdúrà gùn báyìí. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì, èmi àti ẹ̀rọ wọn kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Fi lé mi lọ́wọ́. Yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná yẹn, ẹ máa kó ẹrù yín sí i. Mò ń bọ̀ wá kí yín ni, kí n gbé ọmọ, kí n jẹun, kí n sùn, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Káfíńtà ní àwọn fèrèsé ṣì wà. Bí o bá fẹ́ bínú, tètè bínú kí n tó dé, kó ti tán.

Mo mọ̀ pé mo lè ṣì í. Bóyá ó máa kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní àárín igbó, bóyá ìwọ lo tọ̀nà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ igi ìdáná ẹnì kankan ló ti máa kú.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ọmọ tí o bí yóò ṣe agídí sí ọ, yóò sì jẹ́ irú agídí tó máa dùn mọ́ ọ nígbẹ̀yìn. Kí ìyàwó rẹ dáadáa.

Ó tún ku nǹkan kan. Wá ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ nítòsí ilé yín, kí o lọ dúró síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni mo máa gbé tèmi sí, tí imú rẹ̀ á kọjú sí ìsàlẹ̀, kó lè rọrùn láti jí lówùúrọ̀. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú dáadáa, kí o sì sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ, ẹ̀yin lẹ máa tì mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
awakọ̀.