Etí Ràfíátù Nínú Igbó Kuta

Ọjọ́ Ajé, 28/10/2024

Adédìpẹ̀ tíṣà yà sílé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sátidé, wọ́n fẹ́ wo ẹyẹ nínú igbó Kuta. Wọn ò ní pa á. Wọn ò ní jẹ ẹ́. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn! Ó ní nínú gbogbo Ìwó, ta ló tún mọ ẹyẹ bí Àlàní ọdẹ? Orí mi wú. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ó ti lọ tipẹ́ kí n tó rántí pé mi ò gbọ́ igbe ẹyẹ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29/10

Mo lọ jókòó sóko Olúpọ̀nnà láti ìdájí. Ẹnu àwọn ẹyẹ ń ṣí, ó ń pa dé. Bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 31/10

Àṣírí tú. Mò ń fọ bàtà igbó mi, Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. (Ràfíátù ìyàwó mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní, "Bàbá Mikail, iná ti mú òrùlé o!" Èmi gbọ́ nǹkan bí ẹ̀wà. Mo ní kó máa bù ú bọ̀.

Iná kankan ò sí, ó fi ń dán mi wò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo ní ó ti tó ọdún mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn èèyàn ni kì í sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fẹ́nì kankan. Ọdẹ tí etí rẹ̀ ti di — ta ni yóò tẹ̀ lé e wọgbó?

Ó ní òun á bá mi lọ, òun á máa rìn lẹ́yìn mi. Ẹyẹ ké lósì, òun á gbá mi léjìká òsì. Ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá wà lókè, òun á gbá mi lórí. Mo ní ṣé ti orí yẹn pọn dandan? Ó ní ọdún kejìdínlógójì rèé tóun ti ń wá àyè rẹ̀.

Jímọ̀, 1/11

A fi dánra wò nínú pálọ̀. Èjìká ń ro mí.

Sátidé, 2/11

Ara ń yún mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn mẹ́fà ló wá. Adùnọlá ni olórí wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, awò ọlọ́jú méjì kan tí wọ́n fi ń wo òkèèrè ń jù lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn, kámẹ́rà rẹ̀ gùn bí ìbọn — Oníbọn ni mo sọ ọ́. A gun ọ̀kadà dé Kuta, a fẹsẹ̀ wọgbó. Mo pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí ẹyẹ má baà sá.

Iṣẹ́ kọ́kọ́ dùn. Gbá, òsì: mo wò, mo nawọ́ — àkókó, lára igi gbígbẹ. Gbá, ọ̀tún: òdèrékókó. Gbòsà lórí: àtíòro méjì. Adùnọlá ń kọ, ó ń kọ. Oníbọn ní etí Bàbá yìí kì í ṣe etí lásán. (Ọ̀gá ló sọ fún mi nílé.)

Àfi bí Ọ̀gá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbá mi lọ́tùn-ún, lósì, lórí, lẹ́yìn, láìdúró. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo gbọ́wọ́ sókè: "Ẹyẹ ti yí wa ká! Gbogbo yín, ẹ dọ̀bálẹ̀!" Wọ́n dọ̀bálẹ̀.

Ìjàlọ ni. Ọ̀gá pa àṣẹ mi mọ́, kò sọ̀rọ̀. Ìjàlọ ló ń gbọ̀n kúrò lára mi.

Mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ tán. Oníbọn bọ́ ṣòkòtò. Ẹnì kan la ẹnu gbàgà, ó dà bíi pé ìyá rẹ̀ ló ń pè. Èmi náà ń fò sókè, àgbàlagbà ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Lẹ́ẹ̀kan náà gbogbo wọn dúró, wọ́n yíjú síbi tí Ọ̀gá nàka sí. Èmi ni mo yí kẹ́yìn. Ẹyẹ ń tẹ̀ lé ìjàlọ bọ̀, wọ́n ń ṣa kòkòrò tó ń sá fún un. Àyà ọ̀kan pupa fòò. Adùnọlá ní ọdún márùn-ún lòun ti ń wá a. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjàlọ.

Nígbà tí à ń bọ̀, ó bi mí ní nǹkan láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí. Mi ò dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 3/11

Òrí la fi para látàárọ̀. Ọ̀gá ń sùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 7/11

Adédìpẹ̀ wá. Ó pariwo mọ́ mi létí, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́. Àwọn Adùnọlá ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí Màmá ṣíwájú. Kí Bàbá wá pẹ̀lú o, nítorí orúkọ àwọn ẹyẹ. Ó dùn mí. Mi ò jẹun ọ̀sán.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá gbé àpótí wá, ó jókòó kọjú sí mi kí n lè máa rí ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun. Òun gbọ́ gbogbo wọn, òun kàn ò mọ èyí tó ń jẹ́ èwo ni. Ó ń sín igbe wọn jẹ, ó ń pariwo, èmi ń dárúkọ. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá.

Mo ní ọ̀kan wà tí kò lè bá mọ́. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi ń pè é. Ẹyẹ bíńtín, àárín ewé ló ń gbé, èèyàn kì í rí i, ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: kọ́n, kọ́n, kọ́n, bí òòlù lórí irin. Mo ní àwọn onípákó tó ń gégi ti lé e lọ, ó ti kúrò ní Ìwó láti bí ọdún mẹ́ta. Mo tiẹ̀ ti fi bá wọn jà nípàdé àdúgbò.

Ọ̀gá wò mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Mikail, orí máńgòrò ẹ̀yìn kíṣìnnì wa ló wà. Láràárọ̀ ni. Ó ń lu irin rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí."