Ìlà Mẹ́ta Lára Táyà

Lèma, ní Dassa,
Ọjọ́rú.

Juvénal, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé Odette aya rẹ ń jẹun, pẹ̀lú oyún rẹ̀? Èmi wà, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Marguerite, aya olùkọ́, ló ń bá mi kọ̀wé. Mo ní kó má fi oyin kún un.

Mo ti yẹ táyà mẹ́rin tí o kó sí ẹ̀yìn ilé mi lọ́jọ́ Àìkú wò, èyí tí o fẹ́ fi wọ́ ilé alágbèéká àwọn òyìnbó, ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí ọkọ̀ ń fà kiri, lọ sí Parakou ní Àbámẹ́ta. Wọn kò dára. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó rì wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Táyà takisí ni. Táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ líle, tí wọ́n ṣe fún ẹrù, ni wọ́n fi ń wọ́ ilé. Bí ẹ̀gbẹ́ bá rọ̀, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa jùrù títí á fi gbé ọkọ̀ ṣubú. O ní kò wọ́n. Pósí pákó náà kò wọ́n.

Bí bàbá rẹ ṣe kú nìyẹn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kpingni. Mo ní, “Sylvestre, pààrọ̀ táyà yìí.” Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà á ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

O kéré nígbà náà, o kò mọ ìṣe rẹ̀. Bó bá ń múra ìrìn àjò, á fi irin gbígbóná fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ táyà, kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Táyà kan láàárọ̀ kan. Ọjọ́ tó bá fa ti ìkẹrin ló ń gbéra.

Láàárọ̀ yìí, òórùn rọ́bà jíjóná gba ẹ̀yìn ilé. N kò tíì dáná. Mo fọwọ́ pa táyà àkọ́kọ́: ìlà mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú kò sí níbẹ̀. Ojú mi ti bàjẹ́, ọwọ́ mi kò fọ́. Ìlà náà ṣì gbóná. Marguerite fọwọ́ kàn án, ló bá ń ṣe àmì àgbélébùú dípò kó máa kọ̀wé.

N kò sọ pé bàbá rẹ ni. Ẹnì kan ṣáà ń múra ìrìn àjò Àbámẹ́ta. Má bá a lọ. Ra táyà mìíràn, má sì wá kó ìwọ̀nyí. Bí àwọn òyìnbó bá ń kánjú, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbé ọmọ tí Odette máa bí. Kí ọ̀nà má mọ orúkọ rẹ.

Èmi ìyá tó bí bàbá rẹ,
Àbẹ̀ní.

Àfikún, Ọjọ́bọ̀: Lánàá, mo yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọnú yàrá mi, mo tìlẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró mi. Ìkejì ti ní àmì. Ó ku méjì.