Ojú Ewé Tí Ẹ Kò Kà Fún Wa

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le koko níbí, ní oko tòmátì Bundaberg ní Australia. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló ń sinmi láti oṣù tó kọjá. Òsì ni mo fi kọ èyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni mo ṣe ráyè ka ìwé wa àtijọ́, ti ọmọbìnrin tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìdálẹ̀. Ní erékùṣù wa Savaiʻi, gbogbo ìgbà tó bá ti ku ojú ewé kan kí ẹ kà á parí ni wọ́n máa ń fun fèrè ìkarahun àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó sì pa ìwé dé, ẹ ó ní: "Ó ti wálé. Ó yá, àdúrà!"

Màmá, ẹ tàn wá jẹ o. Kò wálé.

Pisila tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Àgbà yìí ń sunkún sí ìwé ọmọdé! Àbí ata ló ta sí ẹ lójú?" Mo ní ata ni.

Ẹ bá mi kí Lupe, ọmọ mi. Bó bá bi yín ní ìgbà tí màmá òun ń bọ̀, ẹ dúró kí wọ́n fun fèrè ná, kí ẹ wá dá a lóhùn bí ẹ ti máa ń dá wa lóhùn.

Èmi ni, Malaea yín.