Alùpùpù Onítáyà Mẹ́rin Tó Há sí Pálọ̀

Àbúrò mi,

Bóòtù táyà kẹrìndínlógún ni mo ń tú lọ́wọ́ lára alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí o tò sí pálọ̀ nígbà tí Màmá yọjú láti yàrá. Aago mẹ́sàn-án ni dókítà fẹ́ wo orúnkún wọn ní ọsibítù, ẹ̀rọ rẹ dí ọ̀nà, o sì ń hanrun.

O ní kò fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun lọ, pé tábìlì sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ la fi gbé tábìlì wọlé. Teèpù tí a fi ń wọn nǹkan wà nínú dúrọ́ọ̀.

Apá gígùn tí o so mọ́ táyà dára. Kò ní jẹ́ kó dojú dé nínú igbó. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ríìmù tuntun ló ń ti táyà síta láìnídìí. Mo ti dá àwọn ti àtijọ́ tó ń fa táyà wọlé padà. Fífẹ̀ ẹ̀rọ náà fi ínṣì mẹ́rin dín kù, ó sì ti gba ẹnu ọ̀nà.

Màmá ò lè fò ó kọjá, ni mo bá gbé wọn jókòó lé e kí n tó tì í jáde. Wọ́n ní àwọn ò sọ̀ mọ́: "Ta ní ń gun ẹṣin tó tún ń fẹsẹ̀ rìn? Ṣíná sí i."

Mo ń lọ ṣíná sí i, kí n fi gbé wọn lọ sí ọsibítù. Fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Orúnkún tìrẹ ò dùn ọ́.